Fóònù Kan, Ìwé Mẹ́rin, Akẹ́kọ̀ọ́ Méjìdínlọ́gọ́ta: Bí A Ṣe Lè Fi Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Kọ́ Ìtàn Àròsọ Yorùbá ní Kíláàsì

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni bátìrì sípíkà mi kú lójú gbogbo kíláàsì. SS2 ni mò ń kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 58 ló wà nínú yàrá náà, ẹ̀dà ìwé ìtàn àròsọ tí a ń kà kò sì ju mẹ́rin lọ. Mo ti ka apá kan ìtàn náà sínú fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo so fóònù mọ́ sípíkà kékeré kan, ìtàn sì ń lọ geere títí ó fi dé ibi tí ẹnìkan ti ń kan ilẹ̀kùn lóru, tí onílé sì dìde láti lọ ṣí i. Ibẹ̀ ni sípíkà dákẹ́ sí. Mo rò pé ariwo ni wọn yóò pa, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì mi ló dìde láti ẹ̀yìn, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Kí n tó dáhùn, àwọn mẹ́ta ti dé ìdí tábìlì mi, ìwé ni wọ́n fẹ́ yá. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, ọjọ́ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bẹ̀ mí fún ìwé Yorùbá láìjẹ́ pé ìdánwò ló ń lé e.

Ohun tí ọjọ́ náà kọ́ mi ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ìwé girama ìjọba, níbi tí kíláàsì ti kún, tí ìwé kò tó, tí iná kò sì ṣeé gbójú lé. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún wa lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ló gbà pé kọ̀ǹpútà wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fúnni ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ kíláàsì mi rí. Fóònù olùkọ́ nìkan tó. Iṣẹ́ tí a ó sì fún un kò ju méjì lọ: kí ó gbé ìtàn dé etí ọmọ, kí ó sì dákẹ́ níbi tí yóò ti ká ọmọ lára pé ó dákẹ́. Inú ìwé ni ìyókù iṣẹ́ wà.

Ohun tí ẹ ó pèsè

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé yín. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù wá, òfin náà sì ní ìdí tirẹ̀. Nítorí náà, ìlànà yìí kò béèrè pé kí ọmọ kankan mú fóònù wá sí kíláàsì. Síbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan, ẹ sọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ ó máa lo fóònù tiyín àti ohun tí ẹ ó máa fi ṣe, kí ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá má baà rò pé orin ni ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jọ ń gbọ́. Èmi kò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àlàyé tí mo ṣe nígbà tí wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì sì gùn ju lẹ́tà lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, sípíkà kékeré tí ń lo bátìrì, àti páwà báǹkì kan tí ẹ ó máa fi iná sí láti ilé. Àárín kíláàsì ni kí ẹ gbé sípíkà sí, kì í ṣe orí tábìlì olùkọ́, nítorí pé ohùn tó bá ti iwájú wá á ti rẹ̀ kí ó tó dé ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni àwọn tí a fẹ́ fà mọ́ra sì sábà máa ń jókòó sí. Mo ti rí olùkọ́ tó fi gbogbo sáà kan dúró de ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri. Ẹ má dúró dè é.

Ìwé wo ni kí ẹ mú?

Bí àjọ WAEC tàbí NECO bá ti yan ìwé fún kíláàsì yín, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà láti yàn, ẹ má ṣe fi ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn jù lọ bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ràn Fágúnwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, kún fún gbólóhùn gígùn àti òwe tó ń gun ara wọn, ọmọ tó dàgbà sí ìlú ńlá, tí Gẹ̀ẹ́sì ti dàpọ̀ mọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, yóò sì ti sọnù sínú igbó náà kí ó tó pàdé iwin kankan.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1969 dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò jókòó sójú kan, gbogbo ìgbà ni ohun kan sì wà tí òun àti ẹni tí ń kàwé kò tíì mọ̀. Àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé náà wà ní ìsọ̀rí yìí, gbólóhùn tirẹ̀ tilẹ̀ rọrùn jù. Fún SS3, Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 ni mo máa ń mú: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń wá aya, ọ̀rọ̀ tó sì wà láàárín òun àti àwọn ọmọbìnrin tó ń bá rìn máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún débi pé olùkọ́ tó wà ní kíláàsì kejì yóò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ rọra. Lẹ́yìn tí etí wọn bá ti là tán, ẹ lè wá gbé Fágúnwà wọlé, wọn yóò sì gbádùn rẹ̀.

Ìwé yòówù kí ẹ mú, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Kíkà àkọ́kọ́, ẹ kà á bí ẹni tó rà á lọ́jà fún ìgbádùn. Ìgbà kejì, ẹ mú pẹ́ńsù dání, ẹ sì kíyè sí ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yẹ etí ọmọdé, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu sípíkà ni ẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Gígé ìtàn sí wẹ́wẹ́

Ibí yìí ni gbogbo agbára ọ̀nà náà wà, òun sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò. Gígé ìtàn kì í ṣe àṣà tuntun láàárín wa. Ní 1929 ni Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá jáde bí ẹni pé obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di 1930. Ìtàn náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ará Èkó sì ń gbà á; ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀ sí Sẹ̀gilọlá ní láti ra ìwé ìròyìn mìíràn. Ẹ tún wo ìwé Fágúnwà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá arúgbó kan, Àkàrà-Ogun, ló wá bá ẹni tí ń sọ̀tàn, tó ní kó mú ìwé àti kálàmù kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Ó sọ ọ́ dé ibì kan, ó dìde, ó lọ, ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí yóò sì fi padà dé, èrò ti ń péjọ láti wá gbọ́ ọ. Ọwọ́ akọ̀wé yẹn ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ọjọ́ náà, bàbá arúgbó sì mọ ibi tó yẹ kí òun ti dákẹ́.

Ẹ má ṣe gé ìtàn síbi tí orí ìwé bá parí sí. Òǹkọ̀wé ti fún ẹni tí ń kàwé ní ìsinmi níbẹ̀, ọkàn ti balẹ̀, ọmọ lè sùn. Inú orí ìwé ni kí ẹ ti wá ibi gígé: ibi tí wọ́n ti ń ṣí lẹ́tà, ibi tí mọ́tò ti dúró lójijì, ibi tí ẹnìkan ti fẹ́ dárúkọ ọ̀daràn. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, nítorí pé mo ti dán mẹ́wàá wò, oorun ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ìwé kan tó ní ọ̀rọ̀ bí 300 ń gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kà sókè. Ojú ìwé méjì ni apá kan nìyẹn. Bí ẹ bá ní kíláàsì mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 11, ojú ìwé 66 ni fóònù lè kà, ìwé náà sì lè tó 120.

Kí ẹ má wò ó bí àìtó. Àǹfààní ni. Ìdajì tí fóònù kò kà ni àwọn ọmọ yóò fúnra wọn kà, ìlànà tí mo fi ń pín in sì rí báyìí: ìbéèrè ni kó wà nínú ohùn, ìdáhùn ni kó wà nínú ìwé. Bí fóònù bá ti mú wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ojú ìwé ni wọn yóò ti rí ẹni tó ń kàn án. Olùkọ́ tó bá gba gbogbo ìwé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti fún àwọn ọmọ ní ìdí tó dára láti má ṣe ṣí ìwé mọ́.

Gbígba ohùn sílẹ̀

Aago márùn-ún ìdájí dára jù, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń polówó búrẹ́dì sì tó jáde. Ẹ pa ìpè fóònù yín, nítorí pé ìpè kan ṣoṣo lè bẹ́ ìtàn lórí. Ẹ ta aṣọ tó nípọn bo fèrèsé, kí yàrá má baà máa dún bí inú àgbá. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí ó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí yín, kì í ṣe ọ̀kánkán ẹnu gan-an, kí afẹ́fẹ́ ẹnu má baà máa lù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe é bí eré orí ìtàgé. Ẹni tó bá ń sunkún nínú ìtàn, ẹ dín ohùn kù fún un, ó tó.

Kò yẹ kó jẹ́ ohùn yín nìkan. Mo bẹ ìyá kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé wa pé kí ó bá mi ka ọ̀rọ̀ ẹnu ìyálé kan nínú ìtàn. Màmá kò lè kàwé dáadáa, nítorí náà mo ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún un, ó ń fi ẹnu tirẹ̀ tún un sọ. Nígbà tí kíláàsì gbọ́ ọ, wọ́n dá ohùn náà mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀rín sì sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbàgbé ìyálé yẹn nínú ìdánwò.

Ohùn kò wọ́n láti tọ́jú. Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún tí a gbà lórí WhatsApp kì í gba àyè púpọ̀ nínú fóònù, kì í sì í jẹ dátà bí fídíò tó gùn tó o. Ẹ sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tó yé yín, bíi "orí 3 apá 2", kí ẹ má baà máa wá a kiri nígbà tí ojú 58 bá ń wò yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò dáadáa, èyí sì ni ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí ìwé máa ń wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé bá kú. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ìwé rẹ̀ gan-an ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ di òpin 2033, ká má tíì sọ ti àwọn tó kú láìpẹ́. Inú fóònù olùkọ́ ni kí ohùn tí ẹ gbà máa gbé, kíláàsì nìkan ni kó ti máa dún. Ẹ má fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì ya àwòrán ojú ìwé láti òkè dé ilẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn òbí. Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá lè ra ẹ̀dà mẹ́wàá kún mẹ́rin, ìyẹn ni kí ẹ lọ bẹ̀ wọ́n fún.

Ìṣẹ́jú 40 nínú kíláàsì

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tó ka ìwé lọ sílé. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni mo pín kíláàsì sí, ẹ̀dà ìwé kan fún ẹgbẹ́ kan. Ẹnìkan ń ka ìwé sókè fún àwọn yòókù nígbà ìsinmi, ẹnìkan sì ń mú un lọ sílé lálẹ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ẹni tó mú un lọ ni yóò sọ ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí ó bá purọ́, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù ló máa já a.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa ìwé dé, kí bírò wà nílẹ̀, kí a tan ohùn. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kí olùkọ́ má ṣe jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí mo fi fẹ́ràn fóònù ju kí n máa fi ẹnu ara mi kà á nìyí: bí èmi bá ń kàwé, ojú mi wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí fóònù bá ń kà á, ojú mi wà lára àwọn ọmọ. Mo ń rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò tọ́, tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan kò yé e. Mo ń rí ẹni tó gbé orí sókè lójijì. Mo ń rí ibi tí gbogbo wọn ti jọ gbàgbé ìtàn, ilé ni mo sì ti máa ń tún ibi náà gbà sílẹ̀.

Nígbà tí ohùn bá dákẹ́ níbi tí ẹ gé e sí, ẹ má sọ ohunkóhun fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí olúkúlùkù yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò: "Kí ló mú ọ rò bẹ́ẹ̀?" Ẹni tí kò bá lè fi ọ̀rọ̀ inú ìtàn gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀, àlá ló ń rọ́. Ní ọjọ́ kejì sípíkà tó kú yẹn, ọmọbìnrin kan sọ fún wa pé ọ̀tá ni ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kàn án, sà, kò sì pe orúkọ onílé. Ẹni tó mọ̀ wá á ti ké àgò." Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, n kò kíyè sí i pé àlejò náà kò ké àgò.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni mo ṣe máa ń tan ohùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnu ènìyàn kò lè ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì bákan náà, ẹ̀rọ lè ṣe é. Nígbà kejì, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: àwọn kan ń ṣọ́ ẹ̀dá ìtàn kan, àwọn kan ń kó òwe àti àkànlò èdè jọ, àwọn kan ń wo àkókò àti ibùdó ìtàn, àwọn ìkẹyìn ń ṣọ́ ohun tí òǹkọ̀wé mọ̀ tó fi pa mọ́ fún wa. Ìṣẹ́jú méjìlá fún kíkọ ohun tí wọ́n rí, ìṣẹ́jú márùn-ún fún kíkà á síta. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá kù, ti yíyá ìwé ni.

Láti etí dé ọwọ́

Ohùn kò lè kọ́ ọmọ ní àmì ohùn àfi tí ọwọ́ bá kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo máa ń mú gbólóhùn mẹ́ta láti inú ohùn tí a ti gbọ́, a ó tan án lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i pé àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ìtàn kan, ọlọ́pàá na ọwọ́ sí àpótí kan, òǹkọ̀wé sì ní "ó gbà á." Ìdajì kíláàsì kọ "ó gbá a." Mo kọ méjèèjì sí ara pátákó, mo sì ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpótí náà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú èkíní, àpótí ti dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Nínú èkejì, ọlọ́pàá ti fi ìyà jẹ àpótí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín nítorí àmì kan kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ iṣẹ́ kíláàsì lórí fóònù, Gboard ní àyè èdè Yorùbá nínú ètò rẹ̀. Bí ẹ bá ti yàn án, ẹ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn àmì rẹ̀ yóò sì jáde. Ẹ kíyè sí àwọn lẹ́tà tó ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀, bíi "ẹ́" àti "ọ̀". Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà kó lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹni méjì tẹ̀ lórí fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè rí bákan náà lójú, kí ẹ̀rọ sì sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà tí ẹ bá ń wá a. Bákan náà, kí ẹ tó tẹ ìbéèrè ìdánwò sórí ìwé fún gbogbo kíláàsì, ẹ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo wò ná, nítorí pé ìrísí lẹ́tà (fọ́ǹtì) kan wà tó máa ń gbé àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà tó ni ín lọ sórí aládùúgbò rẹ̀.

Kí ẹ̀dá ìtàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀

Nígbà tí a bá ti dé àárín ìwé, mo máa ń fún wọn ní iṣẹ́ ilé kan: kí olúkúlùkù di ẹ̀dá ìtàn kan, kó sì fi ohùn ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ láti orí fóònù òbí rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀dá ìtàn náà ló ń bá ẹnìkan nínú ìwé sọ̀rọ̀ lóru tí oorun kò kùn ún. Ìṣẹ́jú kan péré, kò gbọ́dọ̀ lé. Ìdíwọ̀n yìí ló ń mú kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́, iṣẹ́ àròkọ sì ti parí láìjẹ́ pé mo pè é ní àròkọ.

Inú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí ni ohùn wọ̀nyí ń dé sí, olùkọ́ sì ni alábòójútó rẹ̀. Ẹ má gba àwòrán ọmọ kankan síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohùn ọmọ ẹlòmíràn jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ọmọ tí kò sí fóònù nílé wọn ń lo tèmi nígbà ìsinmi, nínú yàrá òfìfo, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ ìdí. Mo tẹnu mọ́ ọn, nítorí pé ohun tó máa ń lé ọmọ sẹ́yìn jù lọ nínú iṣẹ́ báyìí ni ìtìjú.

Àwọn ohùn náà máa ń gbé ilé wọn wá pẹ̀lú. Nínú ọ̀kan, ẹ̀dá ìtàn ń sunkún ọ̀rẹ́ tó dà á, ìyá àgbà ọmọ náà sì ké láti yàrá kejì pé, "Ta ló fìyà jẹ ọ́, ọmọ mi?" Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé àti sinimá

Túndé Kèlání fi Ó Le Kú ṣe fíìmù ní 1997, olùkọ́ tó bá ń kọ́ ìwé náà yóò sì fẹ́ tan án látòkè délẹ̀ kí kíláàsì sinmi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré tí wọ́n ti kà nínú ìwé, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá inú fíìmù hàn wọ́n, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan bí iye wọn kò bá pọ̀, tàbí ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi wọ́n: kí ni a rí nínú fíìmù tí a kò kà, kí sì ni a kà tí kámẹ́rà kò lè yà? Èkejì ló ń so èso jù. Ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń rí i pé ohun tí Àjàní ń rò nínú ara rẹ̀ gba ojú ìwé, òṣèré sì ní ojú rẹ̀ nìkan láti fi sọ ọ́. Ìdánwò ń pè é ní ọgbọ́n ìsọ̀tàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i ná kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.

Nípa ẹ̀rọ tí ń dáhùn gbogbo ìbéèrè

Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà kí a má díbọ́n. Wọn yóò bi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kó bá wọn ṣe àkékúrú ìwé, yóò sì ṣe é pẹ̀lú ìgboyà. Dípò kí n máa lé wọn kiri, mo mú un wọ kíláàsì. Mo ní kí ẹ̀rọ kan sọ ìtàn inú ìwé tí a ti kà tán, mo kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ara pátákó láìfi nǹkan kan kún un, mo sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá irọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé tó já a. Ó fún akọni inú ìwé ní ìyàwó kan tí òǹkọ̀wé kò mọ̀ rí, ó sì gbé e lọ gbé ní ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ rí irọ́ méje. Ẹgbẹ́ kan ní mẹ́jọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ìwé, àwọn gan-an ló ṣì í kà. Iṣẹ́ yìí gba kíláàsì méjì gbáko, mo sì rò pé ìgbà náà ni wọ́n fara balẹ̀ ka ìwé náà jù lọ ní gbogbo sáà, nítorí pé ẹni tí kò kàwé kò lè bá wọn dá sí i.

Máàkì

Ẹ má fi máàkì sí ohùn dídùn tàbí fóònù tó mọ́. Nínú ogún, mo ń fún ẹ̀rí láti inú ìwé ní mẹ́wàá, mo ń fún èdè àti àmì ohùn ní mẹ́fà, mẹ́rin tó kù jẹ́ ti ẹni tó bá fi etí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó sì dá a lóhùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò di àròbájọ ní ìparí sáà.

Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó yá ìwé ni mo máa ń wò kí n tó wo máàkì, nítorí pé òun ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà ń lọ tàbí kò lọ. Bí orúkọ bá ń lé sí i láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ń gé ìtàn síbi tó yẹ. Bí ó bá jẹ́ àwọn mẹ́rin kan náà ló ń yípo, ẹ padà sínú ìwé, ẹ wá ibi gígé mìíràn. Orúkọ ọmọkùnrin tó béèrè ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wà nínú tèmi lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní sáà yẹn. Ẹ̀dà tó mú lọ kẹ́yìn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti rán an létí lẹ́ẹ̀mejì.